Òpó Funfun Lójú Ọ̀nà Màlúù

Bí ẹ bá dé abúlé kan báyìí láàárín Kika àti Sanson, tí òùngbẹ ń gbẹ yín, kànga ṣọ́ọ̀ṣì ni wọn yóò júwe fún yín. Kì í ṣe ìjọba ló gbẹ́ ẹ. Èyítáyọ̀ àti àwọn ará ìjọ rẹ̀ ló fi ọkọ́ àti digà gbẹ́ ẹ, wọ́n sì ní kí gbogbo ayé máa pọn ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí. Iṣẹ́ rere ni, ẹ má jẹ́ ká fi owú bà á jẹ́. Wàhálà ibẹ̀ kan ṣoṣo ni pé láti ọjọ́ tí omi ti sun nínú kànga náà ni Èyítáyọ̀ kò ti jẹ́ kí etí ẹnikẹ́ni sinmi mọ́.

Àgbẹ̀ ni, alàgbà ìjọ sì ni, ọkùnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ máa ń kún ilé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ní ọjọ́ ìsinmi, òun ló ń kọ́ àwọn àgbà ní Bíbélì, ibi yòówù kó ti bẹ̀rẹ̀, orí ìjọba ni yóò parí rẹ̀ sí. Á ní, “Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ló fẹnu ara wọn béèrè ọba. Ọlọ́run kìlọ̀ fún wọn pé ẹni tí ẹ ń béèrè yìí yóò kó yín lọ́mọ, yóò gba oko yín. Wọn ò gbọ́. Ẹ̀yin náà ẹ wo àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jà, tí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ arúgbó tó gbé ata ṣíún kalẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi tún ìlú ṣe. Ta ló gbẹ́ kànga yìí? Ìfẹ́ la fi gbẹ́ ẹ. Ìfẹ́ tí a bá fi kùmọ̀ gbà lọ́wọ́ èèyàn kì í ṣe ìfẹ́ mọ́, olè ni. Ẹni tí Krístì bá ti tú sílẹ̀, ṣé Séà ni yóò wá máa júwe ibi tó máa gbẹ́sẹ̀ lé fún un?”

Séà là ń pe olórí arrondissement, ìyẹn àgbègbè wa, ẹni tó jẹ́ ojú ìjọba lọ́dọ̀ wa. Yessoufou lorúkọ rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ Èyítáyọ̀ dé etí rẹ̀, ẹ̀rín ló máa ń rín, á pè é ní Tonton, bí a ṣe ń pe àgbà ọkùnrin, tí a sì ń pe obìnrin ní Tata. “Tonton wa yẹn, Ọlọ́run ló fún un lẹ́nu, quoi.”

Modúpẹ́, ìyàwó Èyítáyọ̀, nìkan ló máa ń dá a lóhùn, inú ilé ló sì ti ń ṣe é. “Bàbá Ẹ̀bùn, Bíbélì kan náà ló ní Ọlọ́run ló fi àwọn aláṣẹ sípò.”

“Fáráò ńkọ́? Òun náà wà nípò.”

“N kò mọ ti Fáráò. Lọ́jọ́ tí ẹ gbẹ́ kànga, èèyàn rere ni yín, ojú mi ló ṣe. Ọjọ́ tí a ò bá jẹ́ èèyàn rere ńkọ́? Ta ni yóò dá wa dúró?”

Èyítáyọ̀ á rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ọmọdé ló béèrè ọ̀rọ̀. “Ẹ̀rí ọkàn ni, Ìyá Ẹ̀bùn. Onígbàgbọ́ tó bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni náà ni. Kò sí gendarme, kò sí ọlọ́pàá kankan, tó fẹ́ wá fi ọwọ́ sí i.” Ẹnu dùn-ún ròfọ́, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló wá mú un. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àgbẹ̀ àti Fúlàní darandaran ṣá ara wọn ládàá nítorí ibi tí màlúù yóò gbà kọjá. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀ ni mairie, ìjọba ìbílẹ̀ wa, pe gbogbo wọn jọ. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi kan, wọ́n wá fẹnu kò sí ọ̀nà kan tí màlúù yóò máa gbà lọ sí odò Okpara. Wọ́n ri òpó símẹ́ńtì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà, wọ́n fi ẹfun kùn wọ́n kí darandaran lè rí wọn lókèèrè. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáko sójú ọ̀nà yẹn. Láti ìgbà náà, ìjà tán.

Ẹ̀gbẹ́ oko Èyítáyọ̀ gan-an ni ọ̀nà yìí gbà. Ẹni tó bá ti fi ọkọ́ kan ilẹ̀ rí á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ibi tí màlúù bá ń kọjá lọ́dọọdún, tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí, ilẹ̀ ibẹ̀ á dúdú, á rọ̀, iṣu tí wọ́n bá gbìn síbẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó itan èèyàn. Èyítáyọ̀ wo ilẹ̀ yẹn lọ, ó wò ó bọ̀, ojú rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara rẹ̀ pé Olúwa ló nilẹ̀, ta ló wá fún mairie ní ilẹ̀ tó ń pín? Nígbà tí àsìkò ebè tó, ó kọ ebè sójú ọ̀nà màlúù, ó gbin iṣu sí i. Koríko tó ga ju èèyàn lọ ló bò ó, kò sẹ́ni tó rí i. Ẹ bi í léèrè pé kí ló dé tí kò wàásù èyí ní ṣọ́ọ̀ṣì bó ṣe ń wàásù ìyókù, ẹ ó rí i pé kò ní rí nǹkan sọ.

Iṣu náà ta, ó ta débi pé ó ń la ebè. Ni òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ ń yọ́ bọ̀, tí àsìkò màlúù sì dé. Iṣu náà kò tíì gbó dáadáa, kò ṣeé wà. Èyítáyọ̀ dúró láàárín oko, ó ń wo òpó funfun méjì tó dúró gbọnin lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ẹ̀mí, igi tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, tí wọ́n ń pe màlúù wá sórí iṣu rẹ̀. Ní òdìkejì, igbẹ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò ro, ẹ̀yìn igbẹ́ yẹn ni oko obìnrin kan tó ń jẹ́ Rahimatou. Èyítáyọ̀ rò ó pé bí àwọn òpó yìí bá lè sún díẹ̀ sínú igbẹ́, màlúù á gba ibẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ní ọ̀sán gangan tí àwọn èèyàn ń sinmi, ó hú wọn, ó gbé wọn lé èjìká lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ rì wọ́n sínú igbẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò gbèrò ibi sí Rahimatou o. Ọ̀pọ̀ olè ni kì í gbèrò ibi sí ẹni tí wọ́n ń jà lólè.

Ohun tí kò rò ni odò kékeré tó dábùú igbẹ́ náà níwájú, tí bèbè rẹ̀ ga bí ògiri. Nígbà tí Saïd darandaran kó agbo màlúù rẹ̀ dé, ó tẹ̀ lé òpó funfun bó ṣe máa ń tẹ̀ lé e lọ́dọọdún. Àwọn tó wà níwájú dé bèbè odò, wọn kò rí ibi sọ̀ kalẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń tì wọ́n bọ̀. Ni wọ́n bá ya bo oko Rahimatou. Kí Saïd tó dá wọn padà, ewé iṣu ti lọ, ebè ti di pẹrẹsẹ, iṣu ti fọ́ yángá-yángá. Ohun tí obìnrin náà yóò jẹ títí òjò mìíràn nìyẹn, tí yóò tún gbé lọ tà lẹ́bàá títì ní Tchatchou. Ọkọ rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń ro oko náà.

Àwọn ọ̀dọ́ mú Saïd. Wọ́n lù ú kí àgbà kankan tó dé, wọ́n sì wọ́ ọ lọ sí ọ́fíìsì Séà, ojú rẹ̀ kan ti wú dí. Gbogbo abúlé dà síbẹ̀. Rahimatou jókòó sílẹ̀, ó káwọ́ lérí. Èyítáyọ̀ náà dé, nítorí kò sí bí yóò ṣe jẹ́ aládùúgbò oko tí kò ní yọjú.

Saïd gbọ́ èdè wa dáadáa. Ó ní, “Séà, láti ìgbà tí wọ́n ti la ọ̀nà yìí ni mo ti ń gbà á. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ẹ̀mí ńlá yẹn ni òpó wà tẹ́lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo dé, òpó kò sí níbẹ̀ mọ́, inú igbẹ́ ni mo ti rí i. Òpó ìjọba ni. Ta ni mí tí n ó bá a jiyàn? Mo tẹ̀ lé e.”

Ariwo ta. “Irọ́ ni! Òpó símẹ́ńtì ló gbérasọ tó ń rìn! Ẹ gbọ́ ti Fúlàní!”

Séà gbé ọwọ́ sókè. “Bon. Ó yẹ kí n rán èèyàn lọ wò ó. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ máa da ara wa láàmú fún nígbà tí Tonton Èyítáyọ̀ wà níbí? Ẹ̀gbẹ́ oko rẹ̀ ni.” Ó yíjú sí i. “Tonton, gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn ìjọba wa. Ṣùgbọ́n ẹ kì í purọ́. Ohun tí ẹ bá sọ ni n ó gbà. Ṣé òpó kúrò níbi tó wà?”

Gbogbo ojú ló ń wò ó. Ọ̀rọ̀ náà wà ní ètè rẹ̀, mo ní ó wà ní ètè rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ó rí àwọn ará ìjọ rẹ̀ lẹ́yìn, ó rí Rahimatou nílẹ̀, ó sì rí bí yóò ṣe rí láti ọjọ́ náà lọ bó bá la ẹnu. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Séà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò tíì rí òpó tó lẹ́sẹ̀.”

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, ẹnì kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ẹ yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò lọ́tùn-ún, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lósì, ẹ ò ní rí irọ́ kan níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ló burú. Saïd kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ojú rẹ̀ kan tó ríran wo Èyítáyọ̀, bí ẹni ń wo ẹni tó rò pé òun mọ̀ rí. Séà ní kí wọ́n tì í mọ́ yàrá tí wọ́n ń kó àpò símẹ́ńtì sí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn yóò mú un lọ bá àwọn gendarme ní Tchaourou, wọn yóò sì mú nínú màlúù rẹ̀ san iṣu.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí Rahimatou wá sí ilé Èyítáyọ̀. Ó gbé agbọ̀n kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó sì kúnlẹ̀, obìnrin tó dàgbà tó báyẹn.

“Tonton, mo wá dúpẹ́ ni. Bí kì í bá ṣe yín, ta ni ì bá bá mi sọ̀rọ̀ níwájú Séà? Ẹ kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa, ẹ ò sì wo ti ẹ̀sìn. Iṣu tí pátákò màlúù là rèé. Kò ní pẹ́ rà, ẹ bá wa gún un jẹ.”

Èyítáyọ̀ sáré na ọwọ́ sí i. “Ẹ dìde, Tata. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde.” Kò lè wo ojú rẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ obìnrin náà ló ń wò, erùpẹ̀ oko ṣì wà níbẹ̀. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ohun tó sọ ni, “Ẹ ṣé o. Olúwa á fi òmíràn dípò rẹ̀.” Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ọ̀rọ̀ àdúrà tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde yẹn rí i lára.

Modúpẹ́ gún iyán náà. Ó funfun, ó sì fà. Èyítáyọ̀ bu òkèlè, ó gbé e mì, ó dúró sí i láyà. Ó bu omi lé e. Ó tún bu òmíràn, nítorí bí kò bá jẹun, ìyàwó rẹ̀ á béèrè ìdí. Ìyàwó rẹ̀ kò tilẹ̀ jẹun rárá, òun ló ń wò.

“Bàbá Ẹ̀bùn, mo fọ ẹ̀wù oko yín lọ́jọ́ sí. Ẹfun kún èjìká rẹ̀. Mo rò pé ògiri ṣọ́ọ̀ṣì lẹ fara kàn.”

Èyítáyọ̀ bu òkèlè mìíràn.

“Ṣé ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ni?”

Ọkùnrin tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì yìí gbé òkèlè náà padà sínú àwo. “Rárá,” ló sọ.

Ó dá a lójú pé ìyàwó rẹ̀ yóò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Modúpẹ́ kàn fi ìdérí bo iyán tó kù, ó rọra ń nu ọwọ́ rẹ̀. “Ojú tì mí,” ló wí. “Mo kí obìnrin yẹn káàbọ̀, mo gba agbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tì mí, n kò sì ṣe nǹkan kan.” Ó dìde, ó fi í sílẹ̀ pẹ̀lú àwo.

Èyítáyọ̀ kúnlẹ̀ kó gbàdúrà. Gbogbo ohun tó wá sí i lẹ́nu ìwàásù ni. Ó ń sọ fún Ọlọ́run pé ilẹ̀ kì í ṣe ti mairie, Ọlọ́run kò sì bá a jiyàn. Ẹ̀rí ọkàn tó máa ń fọ́nnu pé ó tó gendarme, ibo ló wà ní ọ̀sán ọjọ́ tó ń hú òpó? Ó wà níbẹ̀. Ó sọ̀rọ̀. Èyítáyọ̀ fúnra rẹ̀ ló ní kó panu mọ́, ó sì panu mọ́, nítorí ẹ̀rí ọkàn kò ní kùmọ̀ lọ́wọ́. Ìtìjú mú un débi pé ó wu ú kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì, kó má sì sí ẹni tí yóò bi òun léèrè ibi tí òun lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gba ọ́fíìsì Séà lọ. Wọ́n ti mú Saïd jáde, wọ́n ń wá ọ̀kadà tí yóò gbé e lọ sí Tchaourou. Rahimatou wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn kan tí wọ́n wá wòran. Èyítáyọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n kí òun.

“Èmi ni mo hú òpó,” ló wí. “Mo gbin iṣu sójú ọ̀nà màlúù. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á jẹ ẹ́, mo sì gbé òpó lọ sínú igbẹ́. Òtítọ́ ni Saïd sọ. Èmi ni mo purọ́.”

Kò sẹ́ni tó hó lé e lórí.  Séà wò ó títí.

“Tonton,” ni Séà wí, “gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń sọ pé kí ìjọba kúrò lójú ọ̀nà, mo rò pé ohun tí ẹ ń wí ni pé ẹ ó ṣe é dáa jù wá lọ. Mo gbà yín gbọ́ débi pé n kò rán ẹnikẹ́ni lọ wo òpó.”

“Ẹ dá mi lẹ́bi. Ẹ mú mi lọ sí Tchaourou dípò rẹ̀. Ohun yòówù tí òfin bá ní kí n san, n ó san án.”  Ẹ wo ẹni tó ń bẹ òfin bí ẹni ń bẹ ìyá rẹ̀! Ó ti rí i pé òfin yóò ní òun jẹ gbèsè iye kan, bí òun bá san án, ó parí. Gbèsè tí òun jẹ Saïd àti Rahimatou tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun yìí kò ní iye.

“N ó ṣe ohun tí òfin ní kí n ṣe, ẹ má kánjú,” ni Séà wí. “Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lẹ ṣẹ̀ jù.”

Èyítáyọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Rahimatou, tòun ti ẹ̀wù. “Tata, gbogbo iṣu oko mi, ẹ kó o. Ẹ dárí jì mí.”

Obìnrin náà wò ó nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè, ohùn rẹ̀ kò le rárá, bí ẹni ń béèrè ohun tó kàn fẹ́ mọ̀. “Iṣu àná yẹn, Tonton. Ṣé ẹ jẹ ẹ́?”

“Mo jẹ ẹ́, Tata.”

“Háà.” Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì bá ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.

Wọ́n tú Saïd sílẹ̀. Ó ń bu omi sójú rẹ̀ lábẹ́ igi nígbà tí Èyítáyọ̀ sún mọ́ ọn. Ó bẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀ ẹ́ títí, Saïd kàn ń mi orí. Màlúù ṣì wà lẹ́yìn abúlé pẹ̀lú àwọn ará rẹ̀, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, odò Okpara sì jìnnà. Èyítáyọ̀ ní, “Kó màlúù rẹ, gba ẹ̀gbẹ́ igi ẹ̀mí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àárín ebè mi ni. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n jẹ ẹ́, mo ti yọ̀ǹda.”

“Iṣu wà níbẹ̀, Baba?”

“Ó wà níbẹ̀.”

“Bí àwọn ọ̀dọ́ bá rí màlúù mi lórí iṣu, kí lẹ ó sọ fún wọn?”

“N ó ní èmi ni mo ní kó o wọ̀ ọ́. Mo ti sọ ọ́, Saïd, kò ní yí padà. Ìwọ ṣáà máa lọ.”

Saïd fi ọwọ́ kan ojú rẹ̀ tó wú. Kò bínú, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ fún àgbà pé òjò ń bọ̀. “Ẹ má bínú, Baba. Ẹ lọ bá Séà, kó fún mi ní èèyàn ìjọba kan tí yóò rìn níwájú mi. Bí kò bá sí èèyàn ìjọba, n kò lè wọ oko yín.”

 Èyítáyọ̀ yí padà lọ sí ọ́fíìsì. Àwọn tó ń wòran ṣì wà níbẹ̀, wọ́n yà fún un, wọn kò kí i.

“Kí ló tún kù, Tonton?” ni Séà béèrè.

“Ẹ jọ̀wọ́, Séà, ẹ yá mi ẹnì kan nínú àwọn èèyàn yín. Saïd kò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́.”

Ohùn rẹ̀ kéré débi pé Séà kò gbọ́ ọ, ó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.